Ọmọ Tálákà Nílé Olówó: Ta Là Ń Fi Rẹ́rìn-ín Gan-an?

Ìtàn kan wà tí kì í sú àwọn aláwàdà. Wọ́n á mú ọ̀dọ́ kan láti ilé tálákà, wọ́n á gbé e sí àdúgbò àwọn olówó, wọ́n á wá ní ká jókòó ká máa wo bí yóò ṣe máa ṣìṣe. Kò mọ irú ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹ irú oúnjẹ wo, kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́, aṣọ rẹ̀ ń pariwo, ẹnu òun fúnra rẹ̀ tún ń pariwo ju aṣọ lọ. Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni The Fresh Prince of Bel-Air, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàfihàn lóṣù kẹsàn-án ọdún 1990, tí wọ́n sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 1996 lẹ́yìn apá 148. Will Smith, olórin ráàpù tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22 nígbà náà, ló ṣe ọmọ ìta Philadelphia tí ìyá rẹ̀ kó ẹrù fún pé kó máa lọ sí Bel-Air ní Los Angeles, lẹ́yìn tó jà níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Jenifa ti ọdún 2008 àti Ọmọ Ghetto ti ọdún 2010, tí Fúnkẹ́ Akíndélé jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn nínú méjèèjì, gba ọ̀nà tó sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ará oko tó wọ̀lú, tàbí ajẹpákó tó já sáàárín àwọn ajẹbọ́tà, ni irú eré wọ̀nyí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Níbi tí irú eré yìí bá ti dáa, onílé ló ń fi ṣe ẹlẹ́yà, kì í ṣe àlejò. Ibi tí ẹ̀rín bá sì ti bọ́ sórí àlejò nìkan, eré náà ti ṣìnà, iye owó yòówù kó pa.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe hun Fresh Prince. Ìtàn Benny Medina, ọ̀gá kan nídìí òwò orin, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ adúláwọ̀ tó dàgbà nínú ìṣẹ́ ní Los Angeles ni Medina, ìdílé òyìnbó ọlọ́lá kan ní Beverly Hills ló sì gbà á sílé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ká ní bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe gbé e jáde ni, Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀: láti ọdún 1978 títí di 1986 ni eré Diff'rent Strokes fi sọ ìtàn ọmọkùnrin méjì láti Harlem tí òyìnbó olówó kan gbà tọ́. Àwọn tó ṣe Fresh Prince, tí Quincy Jones wà lára wọn, kò tọ ipa ọ̀nà yẹn. Wọ́n sọ ilé olówó náà di ilé adúláwọ̀, wọ́n sì sọ onílé di ẹbí ọmọ tó ń bọ̀. Gbogbo adùn eré náà wà nínú àyípadà yìí. Kì í ṣe òyìnbó tó ṣàánú ọmọ adúláwọ̀ mọ́; ẹbí ló gba ọmọ ẹbí. Ẹ tún wo okùn tó so wọ́n pọ̀. Vivian, ọmọ ìyá ìyá Will, ni ọmọ náà bá tan. Philip Banks, agbẹjọ́rò tó padà di adájọ́, tí òun ló ń sanwó gbogbo nǹkan, kò bá a tan rárá; ọkọ àǹtí lásán ni. Yorùbá kankan kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ará ìyàwó tó wá ń gbé inú ilé, tó ń jẹ, tó ń sùn, tó tún ń fi ikùn baálé ilé dápàárá, ẹjọ́ tí àwọn ọkọ ti ń rò láti ayébáyé ni.

Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Aramọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti orí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé nílé ẹ̀kọ́, tàbí èyí tí agbára ìyá rẹ̀ kò ká owó ìwé rẹ̀ mọ́, ni wọ́n máa ń mú lọ bá ẹbí tó rí já jẹ ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó. Mọ́tò á gba Ìta-Awúrẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Iléṣà, gààrí àti èlùbọ́ á wà nínú búùtù, ìyá á sì ti kìlọ̀ fún ọmọ títí ẹnu fi bó o pé kó má lọ kó ìtìjú bá àwọn. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ohun tí wọn kì í sábà sọ síta ni pé ẹbí tó lówó lọ́hùn-ún náà, ọ̀nà yẹn kan náà ló gbà débẹ̀. Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ wọn níléèwé. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tó padà di lọ́yà, dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìran kan péré ló sábà ń wà láàárín oko kòkó ní ilẹ̀ Èkìtì àti géètì ilé ńlá n'Íkòyí. Olówó náà àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò jìnnà síra wọn rárá. Ọ̀kan kàn ti gbàgbé ni, tàbí kó jẹ́ pé ó ń fẹ́ káwọn aládùúgbò rẹ̀ gbàgbé. Ibẹ̀ ni àwàdà ti máa ń rí ẹran jẹ.

Àwọn tó kọ Fresh Prince mọ èyí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní ìparí apá àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí Will ti fi àpárá da oúnjẹ àwọn àlejò pàtàkì rú, Philip pè é jókòó láti bá a wí. Ọmọ náà dáhùn pé owó ti jẹ́ kí ọkọ àǹtí òun gbàgbé ibi tó ti wá. Philip wá jẹ́ kó mọ̀ pé òun náà mọ ìgboro dáadáa, pé òun fi etí ara òun gbọ́ Malcolm X nígbà tó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán ara ògiri ni Will fi mọ̀ ọ́n. Ó yí padà, ó ń lọ. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn dùùrù lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ ìta tó ń bá wí náà ló jókòó tó ń ta orin Beethoven láìwo ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó fi ìkankan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni apá mìíràn tún jáde, tí wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Philip lọ́lá, tí àwọn òbí rẹ̀ sì wá kí i láti oko. Will gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ àǹtí rẹ̀ bí ọ̀gá ńlá yìí ṣe dàgbà láàárín ẹran ọ̀sìn, tó ní ẹlẹ́dẹ̀ kan tó fẹ́ràn. Inú ọmọ dùn sí ìtàn náà, ó sọ ọ́ fún oníròyìn. Ni Philip bá gbaná jẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn gan-an ni kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ní Bel-Air. Yorùbá ní àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú eré yìí, àlejò nìkan ló ń ríran, àwọn onílé ló ń táràrà.

Bí wọ́n ṣe lo aṣọ náà tún fi ọgbọ́n yìí hàn. Ilé ìwé àwọn ọmọ olówó tí wọ́n fi Will sí ní kóòtù yúnífọ́ọ̀mù tó gún régé, tó sì ní baaji láyà. Will kò kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ó dojú kóòtù náà bolẹ̀, ó mú inú rẹ̀ síta, ó wá ń rìn kiri pẹ̀lú aṣọ abẹ́ alárànbarà tó yẹ kó fara pa mọ́. Ó tẹ̀ lé òfin, ó sì fi òfin náà ṣẹ̀sín. Ẹ̀gàn ará oko tí kò mọ aṣọ wọ̀ kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ní ọdún 1990 yẹn ni wọ́n ṣe apá kan tí Will àti Carlton, ọmọ àǹtí rẹ̀, ń wa ọkọ̀ Mercedes ọ̀rẹ́ Philip lọ sí Palm Springs lóru. Ọlọ́pàá dá wọn dúró, wọ́n tì wọ́n mọ́lé bí olè. Carlton tó ti gbé àárín olówó láti kékeré gbà pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe, nítorí pé ọkọ̀ náà ń falẹ̀ jù. Will tó ti ìta wá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Nígbà tí Carlton bi bàbá rẹ̀ bóyá òun náà kò ní dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, ohun tí Philip fi dáhùn ni pé ìbéèrè yẹn lòun náà bi ara òun lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá òun dúró. Nínú ọmọkùnrin méjèèjì, ta ni òpè? Ẹni tó mọ ṣíbí ni kò mọ ayé.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, nítorí pé ọ̀nà tí bàbá àwàdà Yorùbá gbà nìyẹn. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó múlé gbe Ẹ̀fọ̀n, tó papò dà lóṣù kẹwàá ọdún 2018, kò fi òtòṣì rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹ rántí ìmúra rẹ̀: táì ọrùn tó tóbi ju ọrùn lọ, dígí ojú tó fẹ̀ bí abọ́, aago orí tábìlì tó so mọ́ ọwọ́. Gbogbo rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ọ̀làjú ni, tí ó fẹ̀ lójú títí ó fi di ìranù. Ẹni tó ń ṣe bí olówó, ahun tó ń ká náírà mọ́wọ́, ọ̀gá tí ọmọ ọ̀dọ̀ gbọ́n jù lọ, àwọn ni Bàbá Sàlá sọ di ẹni ẹ̀sín lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Ìfẹ́ owó òjijì náà ló tún gbé sórí sinimá nínú Ọ̀run Mooru, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀ lọ́dún 1982. Àwọn tó wo eré wọ̀nyí ní gbọ̀ngàn kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Kí ló wá dé tí fíìmù Jenifa gba ọ̀nà mìíràn? Suliat, ọmọ abúlé tó wọ yunifásítì l'Ékòó, fẹ́ dà bí àwọn ọmọge olówó tó bá níbẹ̀. Ó yí orúkọ padà, ó yí aṣọ padà, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kọ̀ tí kò yí padà. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan àwọn ọmọge tó ń tẹ̀ lé rárá. Nígbà tí ìyà dé, orí Suliat ló já lé: àìsàn àti àbámọ̀ ni wọ́n fi san án fún un. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yìí yóò sọ pé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀kọ́ apá kan ni. Àwọn òǹwòran fúnra wọn kò gbà kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Suliat tún padà nínú The Return of Jenifa lọ́dún 2011, ó di eré tẹlifíṣọ̀n nínú Jenifa's Diary láti ọdún 2015, ó sì tún dé sinimá lóṣù kejìlá ọdún 2024 nínú Everybody Loves Jenifa, tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Kò sẹ́ni tó ń ná bílíọ̀nù lórí ẹni tí wọ́n kàn ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn èèyàn rí ara wọn lára rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ di ohun tí àwọn tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa ń sín jẹ, tí wọ́n fi ń tú ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnira ọ̀làjú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, a kúrò lẹ́ni tó ń fi Jenifa rẹ́rìn-ín, a di ẹni tó ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ghetto ló sún mọ́ Bel-Air jù. Ìbejì ni wọ́n, tí ayé yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan dàgbà sínú ọlá, èkejì, Ṣaléwà tí wọ́n ń pè ní Lefty, dàgbà sínú gẹ́tò, ó sì di ọ̀gá láàárín àwọn ọmọbìnrin ìta. Nígbà tí apá kejì, Omo Ghetto: The Saga, jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2020, àárín ilé ọlá àti gẹ́tò ni Lefty wà tó ń ṣe kámi-kàmì-kámi. Fíìmù náà pa mílíọ̀nù 636 náírà ní sinimá, kò sì sí fíìmù Nàìjíríà kankan tó bá a títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Battle on Buka Street borí rẹ̀, kó tó wá di pé A Tribe Called Judah, tí í ṣe ti Fúnkẹ́ Akíndélé bákan náà, kọjá bílíọ̀nù kan. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú lílo ìbejì. Ojú kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹni tó tọ́ wọn nìkan ló yàtọ̀. Bí ìyàtọ̀ olówó àti tálákà bá jẹ́ ti àbímọ́, kí ló dé tí Táyé àti Kẹ́hìndé yóò fi yàtọ̀? Ó dùn mí pé eré náà kò dúró sórí ìbéèrè yìí pẹ́. Ìjà àti ariwo ló gba ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, ó bi í.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo èyí kò ju àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu lọ, pé ilé Philip Banks pẹ̀lú Geoffrey, ìránṣẹ́ tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ ìpolówó fún ọrọ̀, pé òǹwòran tálákà á wò ó, á máa ṣojúkòkòrò. Òótọ́ wà níbẹ̀. Fresh Prince kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tó sọ ìwọ̀ oòrùn Philadelphia di ibi tí ìyá ti ń kó ọmọ rẹ̀ sá. Ó yọ ọmọ kan jáde, ó fi ìyókù sílẹ̀. Àtakò tó lágbára jù ìyẹn lọ ni ti àwọn tó mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí nílé ẹbí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n mú lọ sí Èkó ló bá Philip Banks pàdé. Òmíràn ń jí láago mẹ́rin fọ abọ́, ó ń kiri omi tútù lójú títì nígbà tí ọmọ onílé wà nílé ìwé. Irú èyí wà lára ìdí tí Nàìjíríà fi ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé lọ́dún 2003. Wọ́n á ní, ṣé ohun tí à ń fi ṣàwàdà nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí àwàdà náà bá mọ ibi tó dojú kọ. Ìwàásù kì í dé ọ̀dọ̀ ìyáálé tó ń fi ọmọ ẹbí ṣe ẹrú, nítorí kò gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n bó bá rí ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín, tí ọmọ ọ̀dọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà ń fọwọ́ bo ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí rẹ̀. Àwàdà sì mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 1994, wọ́n mú bàbá Will padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ó ṣèlérí fún ọmọ, ó sì tún sá lọ. Ọwọ́ ọkọ àǹtí, ẹni tí kò bá a tan, ni ọmọ náà ti sunkún. Ká ní wọn kò ti pa wá lẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́rin, ta ni ìbá dúró wo ẹkún yẹn?

Lóṣù kejì ọdún 2022, àwọn kan l'Amẹ́ríkà tún ìtàn náà ṣe, wọ́n yọ àwàdà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní Bel-Air. Àwa ní ìpín níbẹ̀. Olly Sholotan tó ṣe Carlton, ọmọ Nàìjíríà ni l'Amẹ́ríkà. Jimmy Akingbola tó ṣe Geoffrey, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ọwọ́ ìdílé òyìnbó alágbàtọ́ ló sì dàgbà sí. Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilé onílé ni. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, ó sì wúwo. Àmọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti wúwo tán, olówó náà á di akọni, ìṣòro rẹ̀ á di ìṣòro ńlá, a ó sì máa káàánú rẹ̀. Philip Banks ti ọdún 1990, tí James Avery ṣe, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Will kì í jẹ́ kó gbéra ga kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yin tó ń kọ fíìmù lédè wa, ìtàn yìí wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan láti Ìjerò, tó ṣì ń pe ilé ní “ulé”, ẹ mú un dé Lẹ́kkí sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Ìkòyí ni wọ́n bí òun sí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ náà nìkan ni yóò ṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí fóònù dún láti Aramọkọ lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ àǹtí wà ní pálọ̀, kí ìbínú gbé àǹtí náà, kí Èkìtì tó ti sin sábẹ́ gẹ̀ẹ́sì fún ogún ọdún tú jáde lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, kí ọmọ náà sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò. Ẹ fi èdè Èkìtì gidi kọ ọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń sín wa jẹ. Àwọn òǹwòran tó ná bílíọ̀nù lórí Jenifa ń dúró dè yín.